Owó Opó àti Pákò Tí Ìyá Mú

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹni tí mi ò rí mọ́,

Ẹ kú ilé. Mi ò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà. Tísà kò kọ́ wa débẹ̀. Inú yàrá yín ni mo jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a sin yín sí, mo fẹ̀yìn ti ògiri. Ìyá ti lọ sí Ọjà'ba. Tó bá bá mi níbí, yóò rò pé mo tún ń sunkún, mo sì ń sunkún lóòótọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ìkọ̀wé mi. Ẹ̀yin náà kúkú kò kàwé. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń gba síléètì lọ́wọ́ mi tí ẹ bá ti ojú irin dé, tí ẹ ó dorí ẹ̀ kodò, tí ẹ ó máa mi orí bíi pé gbogbo ẹ̀ ló yé yín. Mi ò sọ fún yín rí pé ẹ dorí ẹ̀ kodò. Mo fẹ́ràn bí ẹ ṣe ń mi orí yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mi ò lè gbé mì mọ́. Èmi ni mo fà á tí Ìyá kò fi rí owó opó gbà. Ó tún ku èyí tó burú jùyẹn lọ.

Nígbà tí irin já lé yín lórí lẹ́nu iṣẹ́, ìjọba ò fún wa ní nǹkan ju aṣọ tí a fi sin yín lọ. Bí òfin ṣe wà nígbà náà nìyẹn. Lẹ́yìn ọdún kan, òfin tuntun dé. Akéde pariwo ẹ̀ yí Mápó ká, pé ẹni tó bá kú sẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, títí kan ẹni tó ti kú ṣáájú, opó ẹ̀ yóò máa gbowó lóṣooṣù. Lóṣooṣù, Bàbá! Ìyá jó. Mi ò tíì rí i kó jó láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Ó ní n óò padà sílé ìwé.

Ṣùgbọ́n Ìyá ti mú pákò kí òfin yẹn tó dé. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Nígbà tó ṣe opó tán, àwọn àgbà ilé to pákò ọkùnrin mẹ́ta síwájú ẹ̀ lórí ẹní, pé kó mú ti ẹni tí yóò máa pè ní ọkọ. Ti Bàbá Kékeré, àbúrò yín, ló mú. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó Bàbá Kékeré fúnra ẹ̀ ní, "Ẹ gbà mí o! Eyín méjì ló kù lẹ́nu bàbá yìí, kí ló ń fi pákò ṣe?" Bàbá Kékeré náà rẹ́rìn-ín, a sì rí eyín méjèèjì. Ìyá mú tiẹ̀ nítorí ó mọ̀ pé kò ní yọ òun lẹ́nu. Kò wọ yàrá wa rí, àfi ọjọ́ tí òrùlé ń jò tó wá tún un ṣe. Orúkọ lásán ni, kí wọ́n má baà lé wa kúrò lọ́dọ̀ yín.

Bàbá Kékeré ló mú wa lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ orúkọ opó. Opó kún ìta. Ìyá jókòó sábẹ́ igi, nítorí wọ́n ní kí ẹni tó mọ̀wé wọlé. Èmi ni mo wọlé, Bàbá Kékeré sì tẹ̀lé mi. Akọ̀wé náà kò dàgbà, kọ́là ọrùn ẹ̀ le bíi pátákó. Ó ní kí n pe orúkọ yín àti ti Ìyá, mo pè é fún un ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, orí mi wú.

Ó ní, "Ìyá ẹ ńkọ́? Ó dá wà ni?"

Mo ní, "Ó wà lábẹ́ igi, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọkọ ni mò ń bi ẹ́. Àbí nínú gbogbo agbo ilé yín, kò sẹ́ni tó bojú wò ó?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ta mí lára. Ẹ mọ̀ mí, mo máa ń tètè bínú. Ní Ìsàlẹ̀ Òsì wa níbí, opó tí wọn ò gbé pákò wá fún, ojú àánú ni wọ́n fi ń wò ó. Mo ní, "Wọ́n wò ó o! Pákò mẹ́ta ni wọ́n gbé wá, ti bàbá yìí ló mú!" Mo nawọ́ sí Bàbá Kékeré.

Akọ̀wé gbé kálámù, ó fa ìlà gba orí orúkọ Ìyá kọjá. Ó ní, "Ó tán. Òfin sọ pé opó tó bá ti lọ́kọ, owó ẹ̀ ti dúró."

Bàbá Kékeré ní, "Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, èmi kì í ṣe ọkọ kan. Ẹ tiẹ̀ wò mí dáadáa."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ gbé pákò wá ni?"

"Èmi ni."

"Ẹ máa lọ sílé. Ẹlòmíì!"

Nígbà tí a jáde tí Ìyá gbọ́, ó dìde dúró. Ó ní, "Ta ló lọ sọ̀rọ̀ pákò fún wọn?"

Mò ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Bàbá Kékeré ní, "Èmi ni."

Bàbá, mi ò sọ nǹkan kan.

Láti ọjọ́ náà, Ìyá kò kí i mọ́. Kò bu oúnjẹ fún un mọ́. Ojú agbo ilé ló ti ń bú u, kó lè gbọ́: "Eyín méjì péré, òun náà ló fi bu oúnjẹ ọmọ mi jẹ!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bàbá Kékeré á tẹrí ba, á máa hun agbọ̀n ẹ̀ lọ.

Mo lọ bá a lẹ́yìn ilé. Mo bi í pé kí ló dé tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Èébú kò jẹ́ nǹkan kan, mo ti gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ìwọ nìkan ló kù fún un. Tí inú ẹ̀ bá bí sí ẹ, ta ni yóò máa bá sọ̀rọ̀ nínú yàrá yẹn?" Ó sì ní kí n gbé omi wá fún òun.

Ṣé ẹ̀yin náà ì bá pa irọ́ yẹn nítorí mi? Ṣé ẹ ń gbọ́ gbogbo èébú yẹn níbi tí ẹ dùbúlẹ̀ sí?

Ìyá ti dé. Mo ń bọ̀.

Ó di ọjọ́ kẹrin kí n tó tún mú ìwé yìí. Mo ti sọ fún un, Bàbá.

Ó ń ran òwú. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ kò dúró, mo rò pé kò gbọ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Oṣù mélòó ni mo ti ń bú u?"

Mo ń fi ìka kà á.

"Mo ní oṣù mélòó?"

Mo ní oṣù márùn-ún. Kò nà mí. Ì bá ti nà mí. Ó bọ́ sójú agbo ilé, ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Kékeré níbi tí gbogbo èèyàn ti ń wò ó. Bàbá Kékeré ń sọ pé, "Dìde, dìde, ilẹ̀ tutù." Ìyá kò dìde bọ̀rọ̀.

Owó opó kò padà wá. Wọ́n ti bá mi wá ìdí aró kan ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, níbi tí n óò ti máa kọ́ṣẹ́. Ìyá ti ń bá gbogbo ilé sọ̀rọ̀, àfi èmi. Ó ń bu oúnjẹ mi, ó ń tẹ́ ẹní mi, kò pè mí lórúkọ. Àwa mẹ́ta la wà nínú yàrá yìí, ẹ̀yin, òun àti èmi, kò sì sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀.

Èmi ọmọ yín tí ẹ rán lọ kọ́wèé, tó fẹ́ràn yín títí dòní.