Tẹmómítà Òpópónà Keje

Ajé, 3 oṣù kẹta
Iṣẹ́ tuntun dé. Ìgbìmọ̀ ìlú ní ojú ọjọ́ ti yí padà, àwọn ò sì ní fọwọ́ lẹ́rán kí àwọn máa retí ìjọba tó wà lókè. Òpópónà mẹ́wàá, tẹmómítà mẹ́wàá, ọjọ́ mọ́kànlélógún. Láti aago méjì ọ̀sán ni kí n máa kà wọ́n. Àwọn òpópónà mẹ́ta tó bá gbóná jù ni wọ́n máa fi ọ̀dà funfun tó ń dá ooru padà kun òrùlé wọn, tí wọ́n á tún gbin igi sí, kí ooru oṣù karùn-ún tó dé. Ọ̀dà ò kárí ju mẹ́ta lọ.

Èmi ni wọ́n yàn. Ọ̀gá Rúlà ló fà mí kalẹ̀ — ọ̀gá ọ́fíìsì wa, tó máa ń fi rúlà wọn etí lẹ́tà kó tó kà á. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bí i lọ́mọ. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti lè pè é ní "ó".

Keje ni òpópónà Ẹ̀gbọ́n mi. Ara ògiri wọn gan-an la kan tẹmómítà mọ́. 43. Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí àdúgbò yín dójú tì mí o." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo kọjá sí Kẹjọ.

Ìṣẹ́gun, 4
Òógùn. Bàtà mi ti ya.

Ọjọ́bọ̀, 6
Keje ti wálẹ̀: 36. Mo fi èékánná gbá dígí rẹ̀. 36 náà ni. Ẹ̀gbọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi páálí fẹ́ ara wọn. "Ṣé ó dáa?" Mo ní ó dáa. Wọ́n ní kí n wọlé wá mu omi. Mi ò dúró. Mẹ́ta ṣì kù fún mi láti kà.

Àìkú, 9
Mo kà á. Ooru ò mọ ọjọ́ ìsinmi.

Ọjọ́rú, 12
Ọ̀gá Rúlà ti fa ìlà sórí pátákó. Nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, Keje ló tutù jù. Ó ní, "Ìyá Àkọ̀wé, ṣé igi pọ̀ níbẹ̀ ni?" Mo ní ewé kan ò sí níbẹ̀. Ó ronú. "Á jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ni." Èmi náà gbà pé afẹ́fẹ́ ni. Ọ̀mọ̀wé méjì.

Lóṣù karùn-ún ọdún tó kọjá, Ẹ̀gbọ́n dákú sínú yàrá wọn. Aládùúgbò ló gbé wọn jáde. Mo rántí rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ 35 sílẹ̀. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà.

Ẹtì, 14
35. Ẹ̀gbọ́n tún bèèrè. Mo ní ó dáa. Inú wọn dùn bí ẹni tó yege ìdánwò.

Ọjọ́rú, 19
Wọ́n gbẹ́ ojú ọ̀nà Kẹta, kò sí ibi tí mo lè gbà. Mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn — Kẹwàá, Kẹsàn-án, Kẹjọ. Mo dé Keje kí wọ́n tó máa retí mi.

Agboòrùn. Agboòrùn dúdú ńlá tí ọkọ wọn fi sáyé lọ. Wọ́n so ó mọ́ ìṣó lókè tẹmómítà. Aṣọ tútù lára ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn gbé abọ́ omi dání, wọ́n ń wọ́n omi sílẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ̀ ń ṣe yìí?"

Wọ́n ní ṣebí èmi ni mo ní kí àdúgbò àwọn má dójú tì mí. Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo òpópónà ló ń pọn omi, wọ́n pín iṣẹ́ náà lójúlé dé ojúlé. Tí ẹnì kan bá ti rí mi níkòríta, wọ́n á yára yọ agboòrùn àti aṣọ. "Àbí àwa kọ́ la gba ipò kìíní?"

Mo yọ tẹmómítà, mo gbé e wọnú yàrá wọn, mo fi í sórí ibùsùn, mo jókòó tì í. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ti ń gbé yàrá yẹn. Mi ò jókòó níbẹ̀ lọ́sàn-án rí.

44.

Ara mi ni mò ń bínú sí.

Ọjọ́bọ̀, 20
Mo jẹ́wọ́ fún Ọ̀gá Rúlà. Kò pariwo. Ó gbé rúlà, ó fa ìlà pa gbogbo iye Keje, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òpópónà tí iye rẹ̀ kò bá pé ti jáde nìyẹn. Mo ní ká tún un kà. "Ta ló máa kà á, Ìyá Àkọ̀wé? Ẹ̀yin tí ẹ̀gbọ́n yín ń gbé ibẹ̀?" Mi ò sọ fún un tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí.

Àbámẹ́ta, 22
Mo lọ là á yé Ẹ̀gbọ́n pé ẹni tó gbóná jù ló máa rí ọ̀dà gbà. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí: "O mọ̀, o ò sì sọ fún wa?"

Mi ò sọ fún wọn. Ìgbìmọ̀ ò ní kí n sọ fún ẹnikẹ́ni. A kan irin mọ́ ògiri mẹ́wàá, a ò sọ ìwúlò rẹ̀ fún ilé kan ṣoṣo.

Ajé, 24
Ìjókòó ìgbìmọ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́rin. Mo gbé ṣúẹ́tà dání.

Ẹ̀gbọ́n wọlé, aládùúgbò mẹ́fà tẹ̀lé wọn. Ẹ̀ṣọ́ ní kí wọ́n fi agboòrùn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní òun gan-an lẹ̀rí. Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ tán pátá — yẹ̀yẹ́ mi, omi, aṣọ tútù — gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ojú mi wá ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bèèrè: "Ẹ̀yin àgbà, ta nínú yín ló ti jókòó ní Keje ní aago méjì rí?"

Ẹ̀rín gbẹ. Alága ní ìjókòó parí fún tòní, ó di ọ̀la, aago méjì, nínú yàrá ìyá yìí. Ó ní kí n má tún ka tẹmómítà kankan mọ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnu géètì ọ́fíìsì ni wọ́n gbé mi lọ, kí n máa kọ orúkọ àlejò.

Ìṣẹ́gun, 25
Mi ò sí níbẹ̀. Wọ́n ròyìn fún mi. Yàrá gba ọmọ ìgbìmọ̀ márùn-ún, àwọn yòókù dúró síta. Alága lo ìṣẹ́jú mọ́kànlá. 45. Ọ̀gá Rúlà ló kà á. Ó gbàgbé rúlà rẹ̀ sórí ibùsùn.

Keje wọ inú àwọn mẹ́ta tó máa rí ọ̀dà gbà. Òpópónà kan gbọ́dọ̀ jáde — Kẹfà ló jáde. Páànù ni wọ́n fi kan òrùlé tiwọn náà.

Ọjọ́rú, 2 oṣù kẹrin
Ẹnu géètì ò ní ìbòòji. Ní aago méjì, Ẹ̀gbọ́n dé, ọ̀dà funfun lọ́wọ́ wọn títí dé ìgúnpá. Wọn ò kí mi. Wọ́n ṣí agboòrùn, wọ́n so ó mọ́ irin géètì lókè àga mi, wọ́n fa kókó rẹ̀ le. Omijé fẹ́ bọ́ lójú mi, mo gbójú sínú ìwé.

"Mo mú àlejò wá fún ẹ."

Obìnrin kan ni, ará Kẹfà. Mo bi í ní orúkọ, ó sọ ọ́. Mo bi í pé kí ló bá wá. Ó ní kí n kọ "ooru". Mo kọ ọ́, mo sún àga fún un lábẹ́ agboòrùn. Mo gbójú sókè láti pe ẹni tó kàn. Àwọn ará Kẹfà ti tò dé ìkòríta.