Àwọn Ìránṣẹ́ Tó Ń Kú Nínú Orúnkún Mi

Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀.

Fàrídà ọmọ mi,

Asalaamu alaekun. Ṣé àlàáfíà lo wà, ìwọ àti ọkọ rẹ, àti ẹni tó ń ta ọ́ nípàá nínú? Ọlọ́run Ọba yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Gbogbo ilé ń kí ọ, ewúrẹ́ mi tó bí ìbejì náà ń kí ọ.

Orúnkún mi tó wú ni mo fẹ́ sọ. O mọ̀ pé bí kò bá san, n kò ní lè jókòó sórí àpótí wẹ ọmọ fún ọ, ìyá ọkọ rẹ ni yóò wá wẹ̀ ẹ́. Ó dùn mí débi pé mo sunkún. Obìnrin tó ń fi omi tútù wẹ ọmọ tuntun! Kí n má sọ púpọ̀.

Ni mo bá lọ sọ́sibítù. Dókítà Tiwaladé, ọmọbìnrin tó mọ àgbà, sọ pé inú ọ̀rá ni ara ti ń ṣe àwọn ìránṣẹ́ kan. Bí nǹkan bá ṣe orúnkún, wọ́n á figbe bọnu, ẹ̀jẹ̀ á sáré dé, ibẹ̀ á wú, á gbóná. Bí iṣẹ́ bá parí, àwọn mìíràn, tí irú ọ̀rá inú ẹja ń bí, á ní ó tó, ẹ máa lọ ilé. Ó ní àwọn tó ń pe èèyàn ló pọ̀ lára mi, àwọn tó ń tú wọn ká kò tó nǹkan. Mo ní ìpàdé ẹbí wa gan-an nìyẹn.

Mo bi í bóyá fóònù ni wọ́n fi ń pera wọn. Ó ní rárá, ìtòsí ni wọ́n ti ń jẹ́ṣẹ́, kíá ni wọ́n sì ń kú. Fàrídà, àánú ṣe mí! Ẹni tó ń jẹ́ṣẹ́ fún mi látìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò ṣe fìdáù fún un rí! Nígbà tó di Jímọ̀, mo dín àkàrà, mo gbé e lọ bá Àáfà Abdulwaheed. Ó bi mí lórúkọ àwọn òkú. Mo ní ta ni mo fẹ́ dárúkọ, inú orúnkún mi ni gbogbo wọ́n kú sí. Àáfà wo ojú mi, ó wo orúnkún mi, ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, ó sì nawọ́ sí àkàrà.

Mò ń lo oògùn dókítà, mo sì ń jẹ ẹja tó ní kí n máa jẹ dípò ọ̀rá àgbò tí mò ń rà ní Sábó. Láàárọ̀ àná, mo gbé àpótí, mo na ẹsẹ̀, mo tẹ́ iṣu kan sórí itan mi, mo wẹ̀ ẹ́ látorí dé ìdí, mo sì dìde láì fọwọ́ ti ògiri. Mo ké Alihamudulilai! Àwọn ará ilé sáré dé, wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń fi táwẹ́lì nu iṣu.

Nítorí náà, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kó o fi ti ẹja kún un, ẹja wọ́n bí ojú. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹkún ọmọ rẹ sọ bá wa láyọ̀, a ò ní rí ìdààmú. Sọ fún ìyá ọkọ rẹ kó tú ẹrù tó ti dì. Bó bá sì ní dandan ni kóun wá, kò burú, kó máa bu omi gbígbóná fún mi.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mùnírátù.