Aṣojú Obìnrin

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Irọ́ gbuu ni. Mi ò múra bí obìnrin kí n lè ráyè wọ ẹgbẹ́ kankan. Bó ṣe jẹ́ rèé: ìgbìmọ̀ kan wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa tó ń gba àwọn obìnrin níyànjú kí wọ́n wá kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin ni gbogbo wọn. Àbúrò mi obìnrin, Agídí, ń kọ́ iṣẹ́ akọ̀wé, kọ̀ǹpútà ló wù ú. Ó lọ bá wọn. Wọ́n ní kó dúró síta, àwọn ń ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ obìnrin.
Mo taari ilẹ̀kùn wọlé. Mo ní ṣé wọ́n ń fá orí lẹ́yìn olórí ni? Alága wọn — Bàbá Táì là ń pè é — bi mí bóyá mo ní àbúrò obìnrin. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó ní nínú wọn. Bí wọ́n ṣe fi mí ṣe Aṣojú Obìnrin nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Agídí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, Ìyá wa."

Ọjọ́bọ̀, 6
Wọ́n bi mí pé kí ni obìnrin ń fẹ́. Mo ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Bàbá Táì ní àwọ̀ ilẹ̀kùn ló ń lé wọn. Wọ́n kùn ún ní píǹkì, wọ́n wá tì í pa kó lè gbẹ.

Ọjọ́ Ajé, 10
Ọjọ́ Ẹtì ni gbèdéke pípààrọ̀ ẹ̀kọ́, alága ìgbìmọ̀ ló sì ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀. Bí wọn ò bá gba Agídí, lẹ́tà ẹlòmíì ni yóò máa tẹ̀ kiri. Òun àtàwọn obìnrin kíláàsì ẹ̀ ń fi kọ̀ǹpútà àlòkù kan kọ́ra wọn — ó ti ká léyín, bọ́tìnì ẹ̀ ti yọ. Agídí ní kí n má bẹ ẹnikẹ́ni. Ta ló ń bẹ̀bẹ̀?

Ọjọ́rú, 12
Ẹni tá a jọ ń gbé yàrá ní kí n fipò sílẹ̀, wọ́n ti ń pè mí ní Màámi. Mo ní kí wọ́n máa kí Màámi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Wọ́n dìbò lórí Agídí. Èmi nìkan ni mo nawọ́. Bàbá Táì ní Aṣojú Obìnrin kì í dìbò: "Ìyànjú la ní ká gbà wọ́n, ọ̀gbẹ́ni. Ta ló ní ká gbà wọ́n wọlé?"
Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ n lọ jíṣẹ́ fáwọn tó rán mi.
Mo ṣílẹ̀kùn. Agídí rèé níwájú, àwọn obìnrin akọ̀wé tò sẹ́yìn ẹ̀, kálukú pẹ̀lú ìwé ìpààrọ̀ ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Ọ̀kan ní, "Màámi, ẹ yà fún wa." Wọ́n wọlé. Àga tán, wọ́n jókòó lórí tábìlì ìgbìmọ̀. Agídí tẹ́ ìwé tiẹ̀ síwájú Bàbá Táì, ó na bírò sí i.
"Ó yá, sà. Ẹ gbà wá níyànjú."
Bàbá Táì wo ilẹ̀kùn. Wọ́n ṣì ń wọlé. Ó fọwọ́ sí i.
Kó tó kan ìwé kejì, mo ti ṣíwọ́ kíka iye àwọn tó dúró tì mí.