Ojú Mincho Lára Pátákó Ẹnu Ọ̀nà

Àbámẹ́ta, 26 Oṣù Kẹwàá

Mo ti lẹ Mincho, ọkọ mi. Àárín gbùngbùn pátákó ẹnu ọ̀nà ilé wa, níbi tí gbogbo àjà márààrún ń gbà wọlé. Fọ́tò ọdún tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ — irunmú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń kí èèyàn. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: "Oṣù mẹ́fà láìsí Mincho Gochev. Ẹ wá bá wa níbi sàréè, Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kọkànlá, aago mọ́kànlá." Nígbà tó pé ogójì ọjọ́, mo lẹ̀ ẹ́. Oṣù mẹ́ta, mo lẹ̀ ẹ́. Opó tí kò bá lẹ ìwé ọkọ rẹ̀ nílùú yìí, wọ́n á ní ó ti rí ọkọ mìíràn.

Velika, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé nísàlẹ̀ mi gan-an, ló bá mi di àga mú, tòun ti ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Ó ní, "Tsonka, gbé e sókè díẹ̀. Ọkọ rẹ kì í ṣe ẹni tó ń wolẹ̀ rìn." A rẹ́rìn-ín títí.

Ajé, 28

Ẹ gbà mí o! Wọ́n ti lẹ ewé mọ́ ọkọ mi lójú.

Ìkéde kánsù: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáná sun ewé gbígbẹ lágbàálá. Ó dáa. Ta ló ń sun ewé? Ṣé Mincho ni? Gbogbo àyè tó wà lára pátákó yẹn, orí rẹ̀ ni wọ́n rí. Àgbọ̀n rẹ̀ nìkan ló yọ síta.

Mo bá ẹni tó lẹ̀ ẹ́ níwájú ilé kejì, tòun ti korobá gọ́ọ̀mù àti búrọ́ọ̀ṣì. Gbọọrọ bí ọ̀pá. Mo ti sọ ọ́ lórúkọ: Lẹ̀mọ́. Mo ní, "Ìwọ yìí, o ò rí i pé èèyàn ló wà níbẹ̀ ni?" Ó ní, "Màmá, èèyàn ló wà níbi gbogbo. Níbo ni kí n wá lẹ̀ ẹ́ sí, ṣé iwájú orí mi ni?" Ọmọ tí mo lè bí! Mo gbaná jẹ lójú títì.

Ìṣẹ́gun, 29

Mo lọ sí kánsù. Olórí ìlú — Eléyín ni mo ń pè é — ń fi eyín hàn láti inú fọ́tò lára ògiri, òun fúnra rẹ̀ "wà ní ìpàdé". Ọmọbìnrin eléèékánná gígùn kan ló dá mi lóhùn. Ó ní òfin ni, àárín pátákó, ti kánsù ni. Kí àwọn òkú bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Òkú, ẹ̀gbẹ́! Mo ní, "Ìwọ náà á dàgbà, wàá kú, wọ́n á sì lẹ ìwọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́." Kò tiẹ̀ bínú. Ó na ìwé pélébé kan sí mi: "Màmá, ẹ kúkú gba èyí, ohun tí ẹ máa ṣe nígbà òtútù ló wà nínú ẹ̀." Mo jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí lójú ẹ̀.

Ọjọ́rú, 30

Mo ra sẹ́lótépù fífẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń di páálí. Ká wo ẹni tó máa yọ Mincho.

Ẹtì, 1 Oṣù Kọkànlá

Mo ń ti ibi tí mo ti lọ ra búrẹ́dì bọ̀, Lẹ̀mọ́ ń jáde níwájú ilé wa. Mo bú u dé kọ́nà. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tíì gbẹ — ìwé mìíràn, ojú kan náà! ÌRÁNTÍ ÌGBÀ ÒTÚTÙ, lẹ́tà gàdàgbà. Mi ò ka ìyókù. Kí ni wọ́n fẹ́ rán mi létí? Pé kí n wọ bàtà tí yìnyín bá bọ́? Ẹni tó sin ọkọ rẹ̀ ní nǹkan oṣù mẹ́fà sẹ́yìn kò nílò olùránnilétí.

Mo gòkè lọ mú Mincho tuntun wá, mo fi bo ọ̀rọ̀ wọn látòkè délẹ̀, mo fi sẹ́lótépù yí i ká ẹ̀ẹ̀mejì. Kalin àjà kẹrin ń kọjá, ó pàtẹ́wọ́: "Màmá Tsonka, ẹ ṣe é! Àfojúdi wọn ti pọ̀ jù." Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Àìkú, 3

Onírunmú mi ṣì wà níbẹ̀. Lẹ̀mọ́ ò jẹ́ yọjú.

Ọjọ́rú, 6

Mo ti bọ àlìkámà tí a máa ń pín níbi sàréè, mo ti po ṣúgà mọ́ ọn. Velika ò ní lè gun òkè ibi sàréè pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn. Ó ní òun á tan àbẹ́là nílé fún Mincho.

Ọjọ́bọ̀, 7

Mo ti ibi sàréè dé, omi ń ṣàn lórí àtẹ̀gùn. Kánsù da omi sínú irin amúlégbóná gbogbo ilé lónìí nítorí òtútù tó ń bọ̀, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni! Ọdọọdún ni wọ́n ń sọ ọjọ́ rẹ̀, kí ẹnì kan lè dúró nílé, àkísà lọ́wọ́, kó máa ṣọ́ ibi tó bá ń jò. Lọ́dún yìí, kẹ́kẹ́ pa. Èyí tó wà ní yàrá Mincho ló bẹ́, mi ò sì sí nílé. Orí Velika ni gbogbo ẹ̀ dà sí. Ó ń sáré gbé korobá, ó yọ̀ ṣubú. Egungun ìbàdí ló ṣẹ́.

Wọ́n gbé e jáde kọjá níwájú pátákó. Ó ń pariwo. Ìkà ni wọ́n! Ìkà!

Ẹtì, 8

Gbogbo ilé pé sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ivelina, ọmọ Velika, ti dé láti Plovdiv, ojú rẹ̀ wú. Ó ń ké pé, "Ta ló sọ fún ìyá mi? Ẹ dárúkọ ẹnì kan!" Kò sẹ́ni tó gbọ́, kò sẹ́ni tó rí ìkéde kankan. Èmi ni mo pariwo jù. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìwé ẹ̀sùn, mo sì kọ ọ́, ó gbóná: kí wọ́n lé Lẹ̀mọ́ lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Gbogbo wa fọwọ́ sí i.

Àbámẹ́ta, 9

Lẹ̀mọ́ wá kan ilẹ̀kùn mi. Fìlà lọ́wọ́. Rumen lorúkọ rẹ̀. Ó ní wọ́n ti gbọ́ nípa ìwé ẹ̀sùn wa ní kánsù, wọ́n á dá òun dúró lọ́jọ́ Ajé. Ó ní, "Màmá, mo lẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá lọ́hùn-ún. Ẹ rí mi. Ẹ tiẹ̀ bú mi dé kọ́nà." Mo ní òpùrọ́ ni, mo pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn lójú.

Lẹ́yìn náà ni mo jókòó.

Èmi ni. Ọlọ́run mi, èmi ni. Inú ṣì ń bí mi — ta ló ní kí wọ́n máa lẹ nǹkan mọ́ òkú lójú? Àmọ́ mi ò kà á. Lẹ́tà gàdàgbà, mi ò kà á.

Àìkú, 10

Mo lọ wo Velika lọ́sibítù. Mo bó ọsàn fún un. Ó di ọwọ́ mi mú: "Tsonka, má jẹ́ kí wọ́n lọ bẹ́ẹ̀. Ìwé tí o kọ yẹn, jẹ́ kó ta wọ́n lára." Mo ní mo ti gbọ́. Ojú ara mi ń tì mí.

Ajé, 11

Wọ́n ti pé sísàlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ká jọ lọ sí kánsù. Ìwé ẹ̀sùn wà lọ́wọ́ Ivelina. Èmi mú ọ̀bẹ búrẹ́dì wá. Wọ́n rò pé mo ti ya wèrè. Mo fi gé sẹ́lótépù náà yí ká, mo sì ṣí Mincho kúrò. Odindi ló wá.

Gbogbo ẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Mo kà á sókè fún wọn: Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kọkànlá, láti aago mẹ́wàá, a ó da omi sínú irin amúlégbóná, kí ẹnì kan má ṣàìsí nílé. Kalin ń wo bàtà rẹ̀.

Ivelina ní, "Ta ló lẹ bàbá yìí bò ó?"

Mo ní, "Èmi ni. Rumen ò ṣe nǹkankan."

Ó fún mi ní ìwé ẹ̀sùn náà. Ó gba Mincho lọ́wọ́ mi, ó fà á ya sí méjì, ó tún fà á ya. Kò sẹ́ni tó dá a dúró. Èmi náà ò dá a dúró.