Ọmú Cambraia àti Píngò Ilé Wa

Oko Córrego Fundo,
Serra da Canastra.
Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Keje.

Lindaura, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń jẹun dáadáa ní Lisboa? Àwa náà wà láàyè, àfi òtútù tó ń fojú wa rí màbo. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń kọ lẹ́tà sí ọ dípò kí n máa pè ọ́ wá mu kọfí, kò sì tíì mọ́ mi lára.

Nígbà tí ò ń lọ, mo ṣèlérí pé bí o ṣe fi ilé sílẹ̀ náà ni wàá ṣe bá a. Ìlérí yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lóṣù tó kọjá. Cambraia, màlúù tí o fi ìgò bọ́ dàgbà, ni ọmú rẹ̀ kan wú, tó gbóná, tí wàrà inú rẹ̀ sì ń jáde ní kókó-kókó. Bàbá rẹ ní ká tà á fún alápatà kó tó kó àìsàn ran àwọn yòókù. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ ta èmi.

Dókítà ẹran fẹ́ fún un lábẹ́rẹ́, ẹ̀rù sì bà mí. O mọ̀ pé bí wàrà màlúù tó gba abẹ́rẹ́ bá ṣèèṣì kan wàràkàṣì, ó lè pa píngò, omi tó ń ro lára ti àná tí à ń dà sí tòní kí kòkòrò rere inú rẹ̀ lè fún un ládùn ilé wa, èyí tí kò tíì dá rí láti ayé ìyá mi àgbà. Dókítà ní níwọ̀n bí àìsàn náà kò tíì wọra, ká fi òróró orégano, ewé olóòórùn tí à ń fi sí ẹran, tí a pò mọ́ òróró ìsebẹ̀ dán an wò fún ọjọ́ díẹ̀. Bí kò bá lọ, abẹ́rẹ́ ló kù. Ó kìlọ̀ pé lẹ́yìn tí mo bá fún wàrà tán ni kí n tó máa fi í pa ọmú náà, kí n sì máa da wàrà Cambraia nù.

Ní ọjọ́ kẹfà, ọmú náà rọ̀, wàrà mọ́ lóló. Ìdùnnú ṣubú layọ̀. Mo fi òróró pa ọmú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí àìsàn má baà padà, láìtíì fún wàrà rárá, ọwọ́ olóròóró yẹn náà ni mo sì fi fún un pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù. Mo ní ewé lásán ṣáà ni. Ohun tó ń pa kòkòrò inú ọmú, ṣé ó máa wá yan èyí tó máa dá sí ni? Nígbà tí ilẹ̀ máa mọ́, wàràkàṣì ti wú bí ikùn aláboyún, ó ń rùn bí ẹran tí a fẹ́ sun. Píngò ti kú. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

Ẹni tí píngò rẹ̀ bá dá, ọ̀dọ̀ aládùúgbò ló ń lọ. Mo gbé ìgò dání, mo fìtìjú lọ bá Dona Idalina lókè odò. Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa, ó ní èmi tí mo máa ń fi píngò yangàn ti wá fi orégano sè é. Ó rọ ìgò mi kún. Mo fẹ́ máa dúpẹ́, ó dá mi dúró.

“Ìyá Lindaura, ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ tí ọmọ yín fẹ́ rìnrìn àjò ni tèmi dá, òun ló sì gbé píngò ilé yín wá fún mi. Tirẹ̀ ni mo ṣì ń lò.”

O ò sọ fún mi rí.

Mo fi ṣe wàràkàṣì lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí bàbá rẹ gé àkọ́kọ́ jẹ, wọ́n jẹ ẹ́ lẹ́nu pẹ́, wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Wọ́n ní, “Ìyá Lindaura, adùn ìgbà tí ọmọ wa wà nílé rèé, ṣé ó ti dé ni?” Àárò rẹ sọ mí lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí o lọ gan-an lọ.

Kí Ìyá Olúwa wa ti Aparecida da aṣọ rẹ̀ bò ọ́. Ilẹ̀ àjèjì kò ní gbé ọ mì. Ẹsẹ̀ tó gbé ọ lọ ni yóò gbé ọ bọ̀, ojú mi yóò sì rí i.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń wọ̀nà rẹ,
Ozanira.

Àfikún: Mo tọ́jú ọ̀kan nínú wàràkàṣì ọjọ́ náà sórí pákó, mi ò tà á. Mò ń yí i lójoojúmọ́. Ó ti ń pọ́n báyìí, bó bá sì pẹ́ jù, yóò le ju eyín bàbá rẹ lọ. Tètè máa bọ̀.