Ewé Furúùtù Tí Ẹ Ń Gbá Dànù

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Ara mi le koko.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín: ewé igi furúùtù tí ẹ ń gbá dànù láràárọ̀ yẹn ni mo fi ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín! Ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ là ń sìn. Nígbà tí mo dé, mo fọ tánkì wọn bí ẹ ṣe kọ́ mi, omi mọ́ gaara. Ni ọ̀gá mi bá figbe ta: "Ta ló ní kó o da omi ewé yẹn nù? Bí àwọn ẹja yìí ò bá yé ẹyin, kó o di ẹrù ẹ!"

Mo rẹ ewé gbígbẹ mìíràn sínú omi títí ó fi pọ́n bíi tíì. Màmá, lánàá mo rí ẹyin lábẹ́ ewé náà, wọ́n ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀. Láàárọ̀ yìí, ojú ti yọ nínú wọn, wọ́n ń wò mí! Ewé tó ti kú ló ń tọ́mọ. Mi ò lè pa ẹnu dé.

Ẹ má ro ti òtútù ìlú tí mo wà yìí rárá. Ẹja ò fẹ́ òtútù, yàrá wọn ló móoru jù. Ẹ̀gbẹ́ wọn náà ni mo ń tẹ́ ẹní sí.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Tí ẹ bá ń gbálẹ̀ lọ́la, ẹ fi ewé kan sílẹ̀ dè mí.