Màmá Enid Thirkettle, Òpìtàn Abúlé Thornsey (1926–2014)

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta ọdún 1926, nínú yàrá òkè ilé oko àwọn Larwood ní abúlé Thornsey, agbègbè Norfolk, ni a bí ìyá wa ọ̀wọ́n, Enid Mary. Walter Larwood, àgbẹ̀ ọkà báálì, ni bàbá rẹ̀. Hilda, ọmọ àwọn apẹja akàn ní Cromer, ni ìyá rẹ̀. Òun ni àkọ́bí, Horace àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo sì tẹ̀lé e ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà.

Ó bẹ̀rẹ̀ ìwé ní abúlé, ó sì gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama ní Norwich ní 1937. Ó di olùkọ́ ní 1946, ó padà sílé, ó sì kọ́ àwọn ọmọ Thornsey fún ogójì ọdún gbáko. Ní 1950, ó fẹ́ Clifford Thirkettle, ẹni tí ń fi koríko odò bo òrùlé. Clifford kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Màmá ní ìyẹn ló jẹ́ kí ilé gba àwọn méjèèjì.

Ní 1961, ènìyàn mẹ́rin jókòó yí tábìlì ìdáná rẹ̀ ká, wọ́n dá ẹgbẹ́ ìtàn ìbílẹ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí àjà ilé tó bọ́ lọ́wọ́ Màmá. Ó gba ohùn àwọn àgbà sínú téèpù. Ìwé àkọsílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ tó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹ̀gbẹ́ iná ni ó ti fà á yọ. Ìyá àgbà kan ní abúlé, Ivy Pegg, sọ fún un nígbà kan pé, “Enid, mu tíì rẹ kí o máa lọ. Mi ò tíì kú, má tíì tú ẹrù mi.”

Ní 1969, abúlé ní kí ó kọ ìwé ìtàn àwọn. Ní ibi tí ó ti ń wo àwọn ìwé àtijọ́ ní Norwich ni ó ti rí máàpù kan, àti lẹ́tà tí opó kan, Susannah Gotts, fi bẹ̀bẹ̀ ní 1871 pé kí a dá pápá àwọn ará abúlé padà. Ọgọ́ta éékà pápá etí odò tí ìdílé Larwood ń dá oko sí, ti gbogbo ìlú ni tẹ́lẹ̀. Josiah Larwood, bàbá bàbá Màmá, ló fi ẹlẹ́rìí èké méjì gbà á, tó sì sọgbà yí i ká. Horace ló ń dáko níbẹ̀ lásìkò náà.

Màmá kọ́kọ́ mú ojú ewé tí ó kọ nípa rẹ̀ lọ fi han àbúrò rẹ̀. Horace kà á tán, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo wọn ti kú. Ta ló máa mọ̀ bí ẹ bá fo ojú ewé yẹn?”

Màmá dáhùn pé, “Bí mo bá fo tiwa, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ti ilé ẹlòmíràn?”

Ìwé jáde ní 1970, ojú ewé náà wà níbẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni Horace kò fi bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n ń pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, níbi tí Màmá ti ń tẹ dùùrù, Horace a sì gba ẹnu ọ̀nà kejì jáde. Màmá kì í sunkún lójú ènìyàn, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ ìbí àbúrò rẹ̀, ó máa ń ṣe àkàrà òyìnbó, Clifford a sì gbé e lọ fún un.

Ní òwúrọ̀ kan ní oṣù Kẹrin 1981, Horace mú irin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa òpó ọgbà tí Josiah fi yí pápá náà ká tu fúnra rẹ̀. Màmá gbọ́, ó sáré lọ pẹ̀lú bàtà ilé lẹ́sẹ̀. Horace kò dúró, ó kàn ní, “Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń wá irọ́ kan nínú ìwé yín. N kò rí.” Màmá di òpó kejì mú, wọ́n jọ fà á.

Clifford ṣáájú rẹ̀ lọ ní 1999. Màmá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì 2014, ní ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Ó fi ọmọ méjì sílẹ̀, Margery àti Desmond, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ márùn-ún, ọmọ ọmọ-ọmọ méjì, àti Horace, tí ó ní kí a má ṣe yọ ọ̀rọ̀ pápá náà kúrò nínú ìwé ìsìnkú yìí.

Màmá, ẹ kọ ìtàn gbogbo wa, ẹ kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ kò sì purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kí ilẹ̀ Thornsey dẹ̀ fún yín. Ẹ sùn un re.